Ìyẹ̀fun Funfun Tí Ìṣirò Sọ Di Dúdú

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, a ní ìbéèrè kan fún yín tí ẹ lè gbé lọ sí kíláàsì ní ọ̀la. Kí ni ó mú kí síńkì ọ́ksáìdì funfun? Ìyẹ̀fun kan ni, kò sì sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ó wà nínú kálámáìnì tí àwọn ìyá fi ń pa ara ọmọ tí ooru mú kí ara rẹ̀ sú. Ìpẹtà irin díẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ ọn ni ó jẹ́ kí àwọ̀ oògùn náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni ó wà nínú ìpara tí àwọn àfín fi ń gba ara wọn lọ́wọ́ oòrùn. Ó wà nínú rọ́bà táyà ọkọ̀, ó sì wà nínú ọ̀dà funfun. Bí ẹfun ni ó rí. Síbẹ̀, bí a bá gbé e fún ọ̀nà ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò jù lọ ní gbogbo àgbáyé láti mọ ìwà àwọn ohun líle, èsì tí ìṣirò náà yóò fún wa ni pé ìyẹ̀fun yìí dúdú bí èédú.

Ó lè ya àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu pé ojú-ewé tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ ìbò, owó oṣù olùkọ́ àti ọ̀nà tí ó bàjẹ́ ni a fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun lónìí. A bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù bá wa lọ. Láàárín ọdún 2010 sí 2020, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Jámánì, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m àti ilẹ̀ Ítálì yẹ ìṣirò ara wọn wò lórí ìyẹ̀fun kan náà yìí, àríyànjiyàn kò sì ṣàìwáyé. Ohun tí ó wà nídìí àríyànjiyàn náà kan gbogbo ẹni tí ó bá ń gba iye tí ẹlòmíràn kà fún un, ìbáà jẹ́ iye ìbò, ìbáà jẹ́ máàkì ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú un funfun. Nínú ohun líle, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà bí ayálégbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìsàlẹ̀ kún fọ́fọ́, òkè sì ṣófo. Àtẹ̀gùn wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá gùn ún ní láti san owó, agbára sì ni owó náà. Ìmọ́lẹ̀ ni ó máa ń bá a san án. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń ka owó yìí ni electronvolt, tí wọ́n ń gé kúrú sí eV. Ìmọ́lẹ̀ pupa mú nǹkan bí 1.7 eV lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò mú nǹkan bí 3.1, gbogbo àwọ̀ yòókù tí ojú ènìyàn lè rí wà láàárín méjèèjì. Nínú síńkì ọ́ksáìdì, owó àtẹ̀gùn tó nǹkan bí 3.4. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa lè rí tí ó ní iye yẹn lọ́wọ́. Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a gbà wọlé: gbogbo wọn ni ìyẹ̀fun náà fọ́n padà sí ojú wa, ohun tí ó bá sì fọ́n gbogbo àwọ̀ padà báyìí ni à ń pè ní funfun. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí a kò fi ojú rí, èyí tí ó ń jó awọ àfín jù lọ, ní ju 3.4 lọ lọ́wọ́. Òun ni a gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni ìrìn àjò rẹ̀ parí sí. Ìdí nìyí tí ìyẹ̀fun náà fi jẹ́ agbòòrùn fún awọ ara.

Nígbà tí gbogbo ayálégbé bá wà ní ìsàlẹ̀, a lè pe èyí ní ipò ìsinmi. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tàbí iná mànàmáná bá ti ta ọ̀kan jí, tí ó sì gun òkè lọ, a ti bọ́ sí ipò ìtají. Ọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀rọ̀ páńẹ́ẹ̀lì sólà tí ó kún orí òrùlé wa nísinsìnyí, àti ọ̀rọ̀ gílóòbù LED tí ó lé gílóòbù àtijọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ipò ìtají ni gbogbo wọn. Sílíkọ́ọ̀nù tí a fi ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì sólà ń gba 1.17 eV nígbà tí òtútù bá mú un gidigidi, ó sì ń gba iye tí ó dín díẹ̀ sí èyí nínú ooru ilé wa. Nítorí náà ni ó fi lè gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí wọlé. Ṣé ẹ̀yin náà ti kíyè sí i pé ojú páńẹ́ẹ̀lì máa ń dúdú? Nípa ti LED, ọjọ́ pẹ́ tí a ti ní aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mọ́ bí ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ṣe iná funfun láìsí òun. Ìgbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, kápá gálíọ́ọ̀mù náítíráìdì ni ọ̀nà là, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2014. Owó àtẹ̀gùn ohun èlò náà súnmọ́ ti ìyẹ̀fun wa gan-an: nǹkan bí 3.4. Ẹni tí ó bá lè ṣírò owó yìí lórí ìwé kí ó tó lọ dáná ní ilé-iṣẹ́ yóò gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ìdánwò asán.

Ọ̀nà ìṣirò tí a mẹ́nu kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ní baba. Ní ọdún 1964, Walter Kohn àti Pierre Hohenberg fi hàn pé kò di dandan kí a máa tọ ipasẹ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó ní ibi kọ̀ọ̀kan, ó tó. Ní ọdún 1965, Kohn àti Lu Sham sọ èrò náà di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣírò. Ọmọ Júù láti ìlú Vienna ni Kohn. Ọmọ ọdún 16 ni ní ọdún 1939 nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ọmọdé mìíràn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọwọ́ ìjọba Hitler má baà tẹ̀ wọ́n. Àwọn òbí rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ kú ní àgọ́ Auschwitz. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sá lọ pàápàá tún tì í mọ́ àgọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Kánádà, ibẹ̀ ni ó sì ti kàwé di ènìyàn. Ní ọdún 1998 ó gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì, òun tí ó jẹ́ pé físíìsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ni wọ́n ń jẹ oko rẹ̀ jù, nítorí náà a kò rí i bí ẹni pé wọ́n ṣe àṣejù.

Ṣùgbọ́n ìṣirò Kohn ní ààlà, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi pa mọ́. Ipò ìsinmi ni a rán an. Bí ó bá ṣe pé ìwọ̀n ìtóbi átọ́ọ̀mù, tàbí ọ̀nà tí wọ́n gbà tò, tàbí bí ohun kan ti le tó ni a bi í, ìdáhùn rẹ̀ a máa ya ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn mú un, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ka owó àtẹ̀gùn, ìdáhùn rẹ̀ kéré ní gbogbo ìgbà. Sílíkọ́ọ̀nù tí ó yẹ kí ó jẹ́ 1.17, ó pè é ní nǹkan bí 0.5. Dáyámọ́ńdì tí ó jẹ́ 5.5, ó pè é ní nǹkan bí 4. Síńkì ọ́ksáìdì tí ó jẹ́ 3.4 kò tilẹ̀ dé 1 lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó àtẹ̀gùn kò bá dé 1, a jẹ́ pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí ni ó lè san án, gbogbo wọn ni yóò wọlé tí wọn kò sì ní padà. Báyìí ni ẹfun ṣe di èédú.

Ẹni tí ó tún ọ̀ràn náà ṣe ni Lars Hedin, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ní ọdún 1965 kan náà. Ẹ wo ìjòyè ńlá kan bí ó bá ń gba àárín ọjà kọjá. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń rìn. Àwọn ènìyàn ń yà fún un níwájú, wọ́n ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, onílù wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìrìn rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó, ẹ kò lè ka ìjòyè kí ẹ má ka ọ̀pọ̀ ènìyàn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a ta jí. Àwọn yòókù ń yà fún un, yíyà wọn sì ń dín agbára tí wọ́n fi ń ti ara wọn kù. Hedin fi lẹ́tà G dúró fún ìrìn ẹni náà, ó sì fi W dúró fún agbára tí èrò ọjà ti dín kù. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ìṣirò yìí ní GW. Ó tó 20 ọdún kí kọ̀ǹpútà tó lágbára tó láti ṣe é fún ohun gidi. Láàárín ọdún 1985 sí 1986, Mark Hybertsen àti Steven Louie ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, ṣe é fún sílíkọ́ọ̀nù, wọ́n sì rí 1.29. Kì í ṣe 1.17, ṣùgbọ́n ẹ fi wé 0.5.

Ìgbésẹ̀ kan tún kù. Ayálégbé tí ó gòkè fi yàrá sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ a sì máa fà á padà sí yàrá náà. Ìfàmọ́ra yìí ń yí àwọ̀ ohun padà. Ìdọ́gba tí Hans Bethe àti Edwin Salpeter gbé kalẹ̀ ní ọdún 1951 ni ó lè ṣírò rẹ̀, ọdún 1998 sì ni ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, láìsí pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, tẹ ìṣirò irú èyí jáde fún àwọn ohun líle láti ìpìlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ ṣe ìṣirò wọ̀nyí. Ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é, èyíinì ni ìlànà iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ ní èdè kọ̀ǹpútà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe àti ohun tí yóò ṣe tẹ̀ lé e. Mẹ́ta nínú wọn ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Yambo ni ti ilẹ̀ Ítálì. Andrea Marini ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àpilẹ̀kọ tí òun, Conor Hogan, Myrta Grüning àti Daniele Varsano fi ṣe àlàyé rẹ̀ fún ayé sì jáde ní ọdún 2009. BerkeleyGW wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ Louie ní Amẹ́ríkà. Àpilẹ̀kọ tirẹ̀ jáde ní ọdún 2012. ABINIT ni ẹ̀kẹta, Xavier Gonze ní Louvain-la-Neuve, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, sì ni olórí àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ nìkan: ìwé ètò náà, láti ìlà àkọ́kọ́ dé èyí tí ó kẹ́yìn, wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ìwọ lè tú u wò bí ẹni tú aago.

Àwọn mìíràn ń ta tiwọn, a kò sì ní bú wọn. Àwọn tí ó kọ ètò náà ní ìyàwó àti ọmọ, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí a fi ń tọrẹ lásán. Ó sì wà nínú wọn tí ẹni tí ó bá rà á yóò gba ìwé ètò náà pẹ̀lú. Èyí tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni ètò tí a ti pa ìwé rẹ̀ mọ́ pátápátá, tí a fi ìbéèrè sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí iye kan jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí a sì ní kí gbogbo ènìyàn gbà á. Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ òṣèlú mọ ohun tí à ń sọ. Kí ni ó fà á tí òfin fi ní kí a ka ìbò ní ibùdó ìdìbò, lójú gbogbo ènìyàn, kí aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí èsì, kí a sì lẹ̀ ẹ́ síta? Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ń ka ìbò ni olè. Olóòótọ́ pàápàá lè ṣi iye kà.

Nísinsìnyí, a padà sí ìyẹ̀fun wa. Kí ó tó di ọdún 2010, àwọn tí wọ́n ti fi GW ṣírò síńkì ọ́ksáìdì ní ọ̀nà rírọrùn rẹ̀ sábà máa ń rí iye láàárín 2.1 sí 2.6. Ó sàn ju tí Kohn lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí 3.4, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ dájú. Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ Louie ní Berkeley gbé èsì tuntun jáde: 3.4 gẹ́lẹ́. Àlàyé wọn ni pé àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú kò ka yàrá òfìfo tó. Nínú ìṣirò GW, ènìyàn ní láti ka àwọn yàrá tí ó wà lókè, àjà lórí àjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń gbé inú wọn. Bí wọ́n ti ń pọ̀ ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pọ̀, àwọn ènìyàn a sì máa dúró ní ibi tí owó wọn bá mọ. Àwọn ará Berkeley lọ títí dé nǹkan bí 3,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti pàtẹ́wọ́ kí wọ́n sì lọ sílé nìyí. Ìṣirò bá ohun tí ojú rí mu. Kí ni a tún ń wá?

Àwọn kan kò lọ sílé. Ní ọdún 2011, Christoph Friedrich, Mathias Müller àti Stefan Blügel ní ìlú Jülich, ní ilẹ̀ Jámánì, fi ètò tiwọn ṣe ìṣirò náà, wọ́n sì ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá òfìfo bákan náà. Wọ́n gbà pé òtítọ́ ni àwọn ará Berkeley sọ lórí iye yàrá. Ṣùgbọ́n iye tí àwọn rí kò dé 3. Ní ọdún kan náà, Martin Stankovski, Gonze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀rọ̀ náà wò láti ibòmíràn. Wọ́n béèrè nípa ọ̀nà àbùjá.

Ọ̀nà àbùjá náà nìyí. Bí ìjòyè ti ń kọjá, èrò ọjà kì í yà bákan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá yára, wọ́n a yà lọ́nà kan, bí ó bá rọra rìn, wọ́n a yà lọ́nà mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é délẹ̀délẹ̀ yóò ṣírò yíyà wọn fún gbogbo ìyára tí ó ṣe é ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni. Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń ṣírò ìwọ̀nba díẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìlànà kan méfò èyí tí ó kù. Ó dà bí alábẹ̀wò ilé-ìwé tí ó wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ó sì ti ara ọjọ́ náà kọ ìròyìn nípa ọdún kan gbáko. Ó lè ṣe déédéé bí ilé-ìwé náà bá jẹ́ ilé-ìwé tí ìwà rẹ̀ kì í yí padà. Fún sílíkọ́ọ̀nù, ó ṣe déédéé. Síńkì ọ́ksáìdì kì í ṣe irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Louvain mú ọ̀nà àbùjá mẹ́rin tí ó gbajúmọ̀, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìṣirò délẹ̀délẹ̀ tí kò gba àbùjá. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àbùjá tí a gbé ka orí òfin ìṣirò kan tí ó dára lójú, irú èyí tí àwọn ará Berkeley lò, ni ó jìnnà sí òtítọ́ jù. Nígbà tí a bá ṣe é láìgba àbùjá, ìṣirò GW ní ọ̀nà rírọrùn rẹ̀ kì í fún wa ní 3.4. Ó kéré sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ó yé yín? Ìdáhùn náà bá ti ẹ̀yìn ìwé mu, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ kò pé. Àwa tí a gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kọjá kò lè gbàgbé bí wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn fún wa pé kí a máa fún ọmọ ní máàkì lórí iṣẹ́ tí ó ṣe kí ó tó kọ ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ràn rẹ̀. “Ṣebí ó gbà á?” ni wọ́n máa ń wí. Òtítọ́ ni pé ọmọ tí ó gba ọ̀kan báyìí, èkejì tí yóò tẹ̀ lé e lè ṣubú lulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní mọ ìdí. Bí a bá fi àbùjá tí ó bá síńkì ọ́ksáìdì mu ní èèṣì ṣírò ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú rí, kò sí ẹ̀yìn ìwé tí a ó ṣí wò mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tuntun ni a tìtorí rẹ̀ kọ àwọn ètò wọ̀nyí.

A kò sọ èyí láti tàbùkù àwọn ará Berkeley. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn ni wọ́n là á yé gbogbo ayé pé yàrá òfìfo kò tó, èyí kò sì tíì yí padà di òní. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni bí ìjà náà ṣe parí. Ní ọdún 2020, àwọn tí ó kọ BerkeleyGW, àwọn tí ó kọ ABINIT àti àwọn tí ó kọ Yambo jókòó pọ̀, wọ́n sì tẹ àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo jáde. Wọ́n jẹ́wọ́ pé nínú àwọn ìwé tí a ti tẹ̀ jáde, iye tí a rí fún síńkì ọ́ksáìdì àti fún títáníọ́ọ̀mù ọ́ksáìdì lè fi ju 1 eV lọ yàtọ̀ síra, ó kan dá lé ètò tí ènìyàn lò. Wọ́n tú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, wọ́n rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, wọ́n mú kí wọ́n gba ọ̀nà kan náà, ìyàtọ̀ náà sì wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 0.1 eV. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti pa ìwé ètò rẹ̀ mọ́ sínú àpótí, a kò rí bí èyí ìbá ti ṣe é ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1964, Abdus Salam, ọmọ Pakístánì, dá ilé-ẹ̀kọ́ físíìsì àgbáyé sílẹ̀ ní ìlú Trieste, ní Ítálì, kí onímọ̀ tí a bí ní ilẹ̀ tálákà má baà ní láti yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Trieste kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú Quantum ESPRESSO ti dàgbà, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe ìṣirò Kohn, tí Yambo sì ń gba iṣẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2010 tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Cape Town ni ilé-ẹ̀kọ́ alárìnkiri kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfríkà ní irú ìṣirò yìí. Ó ti lọ sí Eldoret ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2012, sí Accra ní ọdún 2016, àti sí Addis Ababa ní ọdún 2018. Ní ilé wa níbí, àwọn onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta ti fi Quantum ESPRESSO ṣe iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín pé ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ni. Ètò náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ó ti wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò tán ìṣòro. Ní ọdún 2020, BerkeleyGW ṣe ìṣirò GW fún sílíkọ́ọ̀nù tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a kà nínú rẹ̀ ju 10,000 lọ. Orí Summit ni wọ́n ti ṣe é, òmìrán kọ̀ǹpútà kan tí ó kún gbọ̀ngàn ní Oak Ridge, ní Amẹ́ríkà. A kò ní kí ìjọba kankan ní ilẹ̀ wa ra Summit. Ohun tí à ń béèrè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò síńkì ọ́ksáìdì tí àwọn ará Louvain ṣe ń fẹ́ kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí a so pọ̀ tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi, ìdúró yìí sì ni ìṣòro wa. Bí iná bá lọ ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ọjọ́ kìíní lè ṣòfò. Àwọn ọmọ Áfríkà mìíràn a máa yá ẹ̀rọ lò láti ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà ní Cape Town. Ohun rere ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ń yá ọkọ́ lò kì í kọ́kọ́ kọ ebè. Ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ wa tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ṣí gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìlù àti ayò, kí wọ́n fi ìdajì owó ayẹyẹ náà ra bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì sólà fún ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn gbọ̀ngàn náà, kí wọ́n sì gba ènìyàn méjì tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sí iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé déédéé. Èyí kò pọ̀ jù láti béèrè.

Ìyẹ̀fun náà pàápàá ṣì ń dá àwọn ọ̀mọ̀wé lágara. Nísinsìnyí tí ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fohùn ṣọ̀kan sí ìsàlẹ̀ 3.4. Àṣìṣe tí ó kù kì í ṣe ti ẹni tí ń kà á mọ́, ti ọ̀nà ìṣirò náà ni. Àwọn kan ń gbìyànjú láti máa dá èsì GW padà sínú GW léraléra títí yóò fi dúró sójú kan, àwọn mìíràn ń yí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ padà.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́ yìí kò ní láti dúró de gómìnà. Kí ó fi sílíkọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀, nítorí átọ́ọ̀mù méjì péré ni ó wà nínú ẹyọ rẹ̀ kan tí à ń tún ṣe léraléra. Quantum ESPRESSO yóò ṣe ìṣirò ipò ìsinmi rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán kí bátìrì tó kú. Yóò rí i pé owó àtẹ̀gùn tí ó jáde jẹ́ nǹkan bí ìdajì eV. Kí ó má pa á rẹ́, kí ó má sì rò pé òun ṣi ẹ̀rọ tẹ̀. Iye tí ìṣirò Kohn máa ń fún gbogbo ayé nìyẹn. Yambo ni yóò kàn báyìí.